Kolibri fún ilé lẹ́sìnnì ní Ìkòròdú: ibi tó ti dáa àti ibi tó ti ń kọsẹ̀

Kolibri, áàpù tó ń kọ́ ọmọ láìlo íńtánẹ́ẹ̀tì, ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n orí dátà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti máa ń sú òbí ní Ìkòròdú. Kíláàsì Zoom wákàtí kan, tí tíṣà ṣí kámẹ́rà, tí ọmọ náà ṣí tirẹ̀, á jẹ nǹkan bíi 700 MB. Bí ọmọ bá pa kámẹ́rà, ó lè já sí 270 MB. Bí tíṣà náà bá pa tirẹ̀, tó kàn gbé ojú ìwé tó ń kọ́ wọn síta, tó ń fi ohùn ṣàlàyé, gbogbo rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 60 MB. Ẹ wá fi ọmọ méjì ṣírò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ 4.2 GB, ti ìkẹyìn jẹ 360 MB. Ẹ̀kọ́ kan náà ni o! Ọ̀pọ̀ tíṣà tó ń ṣe kíláàsì àṣálẹ́ ni kò mọ̀ pé ojú àwọn tí àwọn ọmọ ń wò yẹn gan-an ló ń jẹ owó òbí. Zoom ọ̀fẹ́ tún máa ń já ní ìṣẹ́jú 40. Google Meet ọ̀fẹ́ fi 20 lé e, ó ń fún yín ní wákàtí kan bí ẹ bá ti pé mẹ́ta.

Láti oṣù kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn iléèwé l'Ékòó nítorí kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé oníkálukú. Rédíò ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi kọ́ nǹkan nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni áàpù wá pọ̀ bí olú. uLesson tí Sim Shagaya dá sílẹ̀ ní 2019 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé dátà ló máa dá ọ̀rọ̀ náà rú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta fídíò ẹ̀kọ́ wọn nínú mẹ́mọ́rì káàdì níbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ má bàa máa fà á láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Khan Academy wà ńlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò ló pọ̀ nínú rẹ̀, fídíò sì nìyí, ẹnu rẹ̀ kì í kún.

Kolibri tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí gba ọ̀nà mìíràn. Learning Equality ló ṣe é, àwọn náà ló ṣe KA Lite, ẹ̀dà Khan Academy tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ẹ máa kó ẹ̀kọ́ sí, lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú dátà. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù àwọn ọmọ máa ń fi wáìfáì fa ẹ̀kọ́ láti inú kọ̀ǹpútà yẹn, láìfọwọ́ kan íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹni tó gbẹ́ kànga sí àgbàlá ò tún ń dúró de ọlọ́mọlanke. Fún ilé lẹ́sìnnì ọmọ mẹ́wàá sí ogún, ní Ìgbógbó tàbí Ìmọ̀tà tàbí lẹ́yìn Òdógúnyàn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, a ò tíì rí èyí tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò ò pọ̀. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní RAM 4 GB, tí àyè 60 GB sì ṣófo nínú rẹ̀, ti tó. Kò dìgbà tó bá jẹ́ tuntun. Ẹ rí i pé bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé wákàtí méjì, nítorí bátìrì yẹn ni yóò gbà yín sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ẹ̀kọ́. (Ẹgbin tó ń pèsè iná tó lè tó 1,320 MW wà ní agbègbè Ìjẹdẹ níbí. Àwa tá a bá odò gbé náà ni òùngbẹ ń gbẹ.) Ẹ tún nílò ráútà kékeré kan, irú èyí tí kò ní síìmù. Ráútà yìí kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo 9V tàbí 12V, ẹ ra mini UPS (bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà nígbà tí iná bá lọ) tó bá fóltéèjì rẹ̀ mu kí ẹ so ó mọ́ ọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí ráútà kí ẹ tó rà á. Ẹni tó bá fi 12V sínú èyí tó ń fẹ́ 9V, á tètè gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kóńkóló kan, rọ́pò láptọ́ọ̀pù. Ó kéré, àpò ìwé lè gbé e, Raspberry Pi 4 kì í sì jẹ ju wáàtì 5 tàbí 6 lọ. Pawa báǹkì 20,000 mAh gidi jẹ́ 74 Wh lórí ìwé. Bí ẹ bá yọ èyí tó ń ṣòfò kúrò, ó lè gbé Pi fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ohun tí a ò fẹ́ nínú rẹ̀ a máa sọ ọ́ nísàlẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀.

Ní ti gbígbé e kalẹ̀: ẹ wa Kolibri sórí Windows, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó parí. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá ṣí, yóò béèrè orúkọ ibi ẹ̀kọ́ yín àti orúkọ ẹni tó máa jẹ́ alábòójútó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn sínú ìwé. Ẹ má fi sínú fóònù tíṣà kan ṣoṣo, nítorí bí tíṣà yẹn bá fi yín sílẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀kọ́ wọlé. Ẹ máa rí àwọn àkójọ ẹ̀kọ́ bíi Khan Academy, CK-12, PhET, African Storybook àti ọ̀pọ̀ mìíràn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á tẹ Khan Academy, wọ́n á ní kó kó gbogbo rẹ̀. Ó wúwo gidi, láptọ́ọ̀pù á sì dúró láàárín ọ̀nà nígbà tí àyè bá kún. Ẹ má kó o lápapọ̀. Ẹ ṣí i, ẹ wọ inú ìṣirò, ẹ mú kíláàsì kan tàbí méjì, ẹ wo iye GB tó máa gbà kí ẹ tó tẹ ìgbàwọlé. Ó máa ń kọ ọ́ sójú ibẹ̀. Fún ọmọ JSS 1 sí JSS 3, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí Amẹ́ríkà ń pè ní grade 6, 7 àti 8. Ìdánrawò fúnra rẹ̀ fúyẹ́, fídíò ló wúwo. Ilé lẹ́sìnnì tó ní tíṣà tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé lè kó ìdánrawò nìkan, kó fi fídíò sílẹ̀. A gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tí àwọn tó ń tò ó fúnni kì í sábà sọ nìyí: ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan ti kó wọlé, ẹlòmíràn lè dà á kọ láìnáwó dátà. Kolibri lè da àkójọ náà sórí haadi dísìkì, fódà tí yóò dá síbẹ̀ ń jẹ́ KOLIBRI_DATA. Ẹ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ní kó fà á wọlé láti ibẹ̀. Bí ilé lẹ́sìnnì mẹ́rin ní Àgíríìkì bá da owó pọ̀ ra dátà kan, owó kan ni wọ́n jọ ná.

Wáìfáì wá kù. Láptọ́ọ̀pù Windows fúnra rẹ̀ lè ṣe hotspot, ṣùgbọ́n fóònù mẹ́jọ péré ló ń gbà, kì í sì fẹ́ tan bí kọ̀ǹpútà náà kò bá rí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan láti pín. Ìdí tí a fi ní kí ẹ ra ráútà nìyẹn. Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ẹ jẹ́ kí fóònù àwọn ọmọ wọ wáìfáì ráútà náà. Kolibri yóò fi àdírẹ́sì kan hàn yín, nǹkan bíi 192.168.0.101:8080. Èyí ni ọmọ máa tẹ̀ sínú Chrome. Àmì méjì tó wà lórí ara wọn yẹn, àti 8080 tó tẹ̀ lé e, ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá fò ó, ojú ìwé náà ò ní ṣí, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí nọ́ńbà náà má bàa máa yí padà lójoojúmọ́, ẹ wọ inú ráútà kí ẹ dè é mọ́ láptọ́ọ̀pù náà.

Ìṣòro tó máa ń da ọjọ́ àkọ́kọ́ rú nìyí. Fóònù Android yóò wọ wáìfáì náà, á wò ó wò, á rí i pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, á sì béèrè bóyá kó dúró síbẹ̀ tàbí kó kúrò. Ọmọ á tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ rí. Bó bá tẹ pé kó kúrò, fóònù ti padà sórí dátà bàbá rẹ̀, ojú ìwé Kolibri ò sì ní ṣí mọ́. Mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè, á kàn rọra sá. Oògùn rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn pa dátà fóònù kí wọ́n tó wọ wáìfáì, kí wọ́n sì gbà pé kó dúró. Tíṣà kan gbọ́dọ̀ yí ká wo fóònù kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa gbà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ fúnra wọn á ti máa bá ara wọn ṣe é.

Ó ku bí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣe rí. Ká mú àròpọ̀ ìdá: 1/2 + 1/3. Ọmọ Pírámárì 5 á ro tòkè mọ́ tòkè, tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, á kọ 2/5. Ẹ̀rọ á ní kó tún gbìyànjú. Kò ní bú u, kò sì ní ṣàlàyé, àfi bí ọmọ bá tẹ ibi ìrànlọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ á ní kó sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà. Èyí tó tẹ̀ lé e á fi 3/6 àti 2/6 hàn án. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ìdáhùn gan-an á jáde, 5/6. Ọmọ tó gbọ́n féfé á máa tẹ ìrànlọ́wọ́ títí ìdáhùn fi máa jáde, á wá dà á kọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bá ti gba ìrànlọ́wọ́ kò ní kà á sí gbígbà, èyí tó máa tẹ̀ lé e á sì gbé nọ́ńbà mìíràn wá. Ó gbọ́dọ̀ gba bíi mélòó kan léra kí ẹ̀rọ tó gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún. Ibẹ̀ ló ti máa ń rẹ ọlọ́gbọ́n féfé náà.

Èyí tó níye lórí jù wà lójú ìwé tíṣà. Tíṣà tó ṣí orúkọ ọmọ náà kò kàn ní rí ìdá ọgọ́rùn-ún tó gbà, á rí ohun tí ọmọ tẹ̀ gan-an. Bó bá rí 2/5 lọ́wọ́ ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ó ti mọ ohun tó máa kọ́ lójú pátákó lọ́la. Ìwé ìdánwò tí wọ́n fi bírò pupa fagi lé lè sọ ọ́ fún un bákan náà, bó bá jókòó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tíṣà lẹ́sìnnì mélòó ló ń ráyè yẹn? Kolibri tún jẹ́ kí tíṣà pín kíláàsì sí ẹgbẹ́, kó fún ẹgbẹ́ tó rẹ̀yìn ní iṣẹ́ tiwọn láìjẹ́ pé ojú tì wọ́n. Ohun tí kò lè dènà ni pé kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n gba fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àyè sáàárín àga.

PhET, tí Yunifásítì Colorado Boulder ṣe, wulẹ̀ wù wá ni. Ọmọ á máa so wáyà mọ́ gílóòbù àti bátìrì lójú fóònù, iná á tàn, bó bá so ó ní ìsokúso, ó lè gbiná níbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Fún iléèwé tí kò ní ilé ìdánrawò sáyẹ́ǹsì, ìyẹn ò kéré. Ó kàn jẹ́ pé fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 1 GB máa ń fà á bí ìgbín. African Storybook ní ìtàn lédè Yorùbá fún àwọn kékeré, ó dáa fún ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ẹ kà á ṣáájú wọn, àmì ohùn inú àwọn kan kò pé.

Àìsàn rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kò bá ìwé wa lọ. Amẹ́ríkà ni Khan Academy ń wò nígbà tó ń ṣe é. Dọ́là ló ń ná, inṣi àti ẹsẹ̀ bàtà ló fi ń wọn nǹkan, ọmọ tí a ti fi mítà kọ́ á kọ́kọ́ dúró wò. Ọmọ JSS á wá ìṣirò ìpìlẹ̀ méjì (base two) níbi tí kíláàsì tirẹ̀ wà, kò ní rí i níbẹ̀. Ọmọ SS 2 á wá bí wọ́n ṣe ń wo tábìlì lọgarídímù, kò sí. Civic, Business Studies, Yorùbá, CRS àti IRS, ẹ má wulẹ̀ wá wọn. Ohùn òyìnbó rẹ̀ náà ń yára fún ọmọ pírámárì, nítorí náà ẹ ṣí àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò. Ẹni tó bá ń múra ọmọ sílẹ̀ fún WAEC tààrà, tó lágbára àtisanwó, uLesson sún mọ́ ìlànà ẹ̀kọ́ wa ju èyí lọ. Kolibri dáa jù fún ìpìlẹ̀: ìdá, nọ́ńbà òdì, álíjébrà ìbẹ̀rẹ̀, ìpín. Àwọn ohun tó ń bá ọmọ dé SS tí a sì ń dẹ́bi fún un pé olódo ni.

Ní ti irinṣẹ́, a ti ní ká sọ ti Raspberry Pi. Mẹ́mọ́rì káàdì ni ọkàn rẹ̀, bí wọ́n bá sì já iná rẹ̀ láìpa á dáadáa, káàdì lè bàjẹ́, gbogbo ẹ̀kọ́ àti àkọsílẹ̀ ọmọ á bá a lọ. Ẹ máa da àkọsílẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Káàdì ayédèrú sì kún ìgboro: wọ́n á kọ 64 GB sí i lára, 8 GB ló wà nínú rẹ̀. Yóò gba gbogbo ohun tí ẹ bá dà sí i láìjiyàn, àfìgbà tí fídíò bá kọ̀ tí kò ṣí. Kí ẹ tó dà nǹkan sí i, ẹ fi H2testw, áàpù tó ń yẹ káàdì wò, dán an wò lórí Windows. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí bí káàdì ayédèrú ṣe lè yè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, Pi 4 kò ní bátìrì aago nínú. Bí kò bá rí íńtánẹ́ẹ̀tì, aago rẹ̀ á rẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tó bá kú, àkọsílẹ̀ tíṣà á wá máa sọ pé àná ni ọmọ ṣe iṣẹ́ tó ṣe lónìí. Ẹ ra aago kékeré tó ń wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ fi fóònù fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀.

Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan náà kì í ni ráútà kékeré lára. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jọ ń wo fídíò á mú un kú. Ẹ pín wọn sí méjì: ìdajì ń wò, ìdajì ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì ra ìfetígbọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo ibẹ̀ á ju ti ọjà Sábó lọ.

Òbí tó ní ọmọ kan ṣoṣo sílé, ẹ má dààmú ara yín pẹ̀lú Kolibri, iṣẹ́ àtitò rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ kan. Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́jọ, Khan Academy Kids ti tó, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù ìyá ni ọmọ sábà máa ń lò, ìyẹn ló fi jẹ́ pé WhatsApp á máa dún, ọmọ á sì fò sórí YouTube. Nínú ètò ààbò fóònù Android, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ app pinning sí, ẹ tàn án, ẹ sì ní kó máa béèrè nọ́ńbà kó tó tú. Ẹ ṣí áàpù ẹ̀kọ́, ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ gbé fóònù fún un.

Fún àwọn ọmọ SS 3, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Láti 2015 ni gbogbo JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù kò kọ́ ọmọ ní kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba ìpín jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an lọ́jọ́ Sátidé, kí ọwọ́ wọn mọ A, B, C, D tí wọ́n fi ń mú ìdáhùn, P àti N tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Kolibri ò ní ojú ìdánwò JAMB nínú, ẹ máa wá áàpù mìíràn fún ìyẹn.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò bá yín tò ó, kí ẹ tó ka owó fún un, ẹ ní kó yọ gbogbo síìmù àti módẹ́ẹ̀mù kúrò níbẹ̀, kó pa láptọ́ọ̀pù, kó tún un tàn. Kí ẹ wá fi fóònù tiyín, tí dátà rẹ̀ wà ní pípa, wọ wáìfáì náà, kí ẹ ṣí fídíò kan, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè kan. Bí kò bá ṣí, iṣẹ́ kò tíì parí.